Orúkọ, Ìlù àti Ìràpadà: Iṣẹ́ Ìjàkadì Babatunde Aiyegbusi lójú Ìjà Ajagẹmọ ní Ẹdẹ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ìjàkadì Babatunde Aiyegbusi, ọmọ ilẹ̀ Pólàńdì tí ó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, ní pàtàkì ipa tí ó kó nínú ìjà onílù tí ó wáyé ní Tampa, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2021. Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn sábà máa ń bèèrè nípa irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Iṣẹ́ yìí fi ìbéèrè náà sílẹ̀, ó sì fi ìjà Ajagẹmọ àti Olúnwi, èyí tí ó jẹ́ ara ọdún Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tí ó fi hàn ni pé mímọ̀ tí wọ́n ti mọ ẹni tí yóò ṣẹ́gun tẹ́lẹ̀ kò bu ìjà kù. Ohun tí ó ń bù ú kù ni kí olùṣètò ìjà má san gbèsè tí ó jẹ ẹni tí ó fi ara rẹ̀ jà.

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2021, ní pápá ìṣeré Raymond James ní ìlú Tampa, ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n to ìlù yí ojú ìjà ká. Big E, ọmọ bíbí ìlú Tampa, ni ó ni bẹ́líìtì; Apollo Crews ni ó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ WWE, tí ó ṣètò ìjà náà gẹ́gẹ́ bí ara WrestleMania ẹlẹ́ẹ̀kẹtàdínlógójì, sọ ọ́ ní ‘Nigerian Drum Fight’, èyí tí Yorùbá lè pè ní ìjà onílù ti Nàìjíríà. Nígbà tí ìjà náà gbóná, ọkùnrin gìrìwò kan tí ó wọ aṣọ ológun yọ sójú ìjà, ó gbé Big E, ó là á mọ́lẹ̀. Crews da ara bò ó, ó sì gba bẹ́líìtì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ ọkùnrin náà han òǹwòran: Commander Azeez, ẹ̀ṣọ́ tí ó ti Nàìjíríà wá. Ẹni tí ó wà nínú aṣọ ológun náà ni Babatunde Aiyegbusi.

Àwọn onímọ̀ Yorùbá ti kọ púpọ̀ lórí eré orí ìtàgé, lórí fíìmù àgbéléwò àti lórí orin. Ìjàkadì àṣejẹ, tí ará ìgboro ń pè ní réslìn, kò rí irú àyẹ́sí bẹ́ẹ̀ gbà, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti pẹ́ tí ó ti ń wọ ilé àwọn ènìyàn láti ojú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń lé e sẹ́yìn kò ju ọ̀kan lọ: irọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé irọ́ ni, kí ni lámèyítọ́ fẹ́ wá síbẹ̀? Ìdáhùn iṣẹ́ yìí ni pé Yorùbá ti ní òṣùwọ̀n fún ìjà tí wọ́n ti mọ òpin rẹ̀, àti pé ìlú kan tí òṣùwọ̀n náà ti hàn kedere jù lọ ni Ẹdẹ.

Orúkọ mẹ́ta lórí ara kan

Ìlú Oleśnica ní ilẹ̀ Pólàńdì ni wọ́n ti bí Aiyegbusi ní ọdún 1988. Ọmọ Nàìjíríà ni baba rẹ̀, ọmọ Pólàńdì ni ìyá rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ti Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ fi ń ṣiṣẹ́ ṣe. Ó gbá a ní Pólàńdì, ó gbá a ní Dresden ní Jámánì, ẹgbẹ́ Minnesota Vikings sì gbà á wọlé ní ọdún 2015. Kò rí àyè dúró níbẹ̀. Ní ọdún 2016 ni WWE mú un, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni ẹlẹ́ni láìpa á lára, àti bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá lóye ìrora tí ojú rẹ̀ kò tó.

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìlú Jeddah ní oṣù Kẹrin ọdún 2018 fún ìjà ńlá kan tí àádọ́ta ènìyàn kópa nínú rẹ̀, Babatunde ni wọ́n pè é. Orúkọ tí ilé fún un nìyẹn, orúkọ tí ó ní ìtàn nínú: baba kan lọ, baba kan padà wá. Ní ọdún 2020, orúkọ náà ti di Dabba-Kato. Ní èdè Haúsá, dabba ni ẹranko, ƙato sì ni ohun tí ó tóbi gìrìwò. Bóyá àwọn tí ó fún un ní orúkọ náà ro ti Haúsá, bóyá wọn kò rò ó, ohun tí etí òǹwòran kan ní Kánò yóò gbọ́ kò lè yàtọ̀ sí ẹranko ńlá. Ní ọdún 2021 ó di Azeez. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ó padà sójú ìjà ní NXT, Dabba-Kato ni ó tún ń jẹ́, Crews tí ó ti ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀ ni ó sì kọlù. Kí ọdún náà tó parí, WWE ti jọ̀wọ́ rẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú iṣẹ́ ìjàkadì àṣejẹ, ọjà ni wọ́n ń wò. Èyí nìkan kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Gbogbo òṣèré ni ó ń gba orúkọ ẹlòmíràn wọ̀, eégún pàápàá kì í jẹ́ orúkọ ẹni tí ó wà nínú aṣọ. Ṣùgbọ́n orúkọ eégún máa ń so ó mọ́ ìdílé kan, oríkì máa ń tẹ̀lé e jáde, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ mọ agbo-ilé tí ó ti wá. Azeez kò ní agbo-ilé. Ní Ẹdẹ, níbi tí Tìmì Àbíbù Lágùnjú ti jẹ́ ọba tí ó ń kírun ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, Azeez jẹ́ orúkọ tí ìyá ń fi pe ọmọ rẹ̀ kí ó wá jẹun. Ní Tampa, orúkọ náà kò sọ nípa ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ ju pé ó ti ibi jíjìnnà wá, ó sì lágbára.

Bákan náà ni ti ẹni tí ó ń ṣọ́. Sesugh Uhaa ni orúkọ àbísọ Apollo Crews; California ni wọ́n ti bí i, orúkọ Tiv sì ni orúkọ rẹ̀. Nínú ipa tí ó ń kó ní ọdún 2021, ó di ọmọ ọba ilẹ̀ Nàìjíríà, ó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, ó yí ohùn rẹ̀ padà, ó kó àwọn ẹ̀ṣọ́ sẹ́yìn. Àwọn Tiv gan-an kò ní ọba kan ṣoṣo tí ó ń ṣàkóso gbogbo wọn títí di àárín àwọn ọdún 1940, nígbà tí ìjọba amúnisìn dá oyè Tor Tiv sílẹ̀. Àṣà tí wọ́n mọ̀ sí ìṣèjọba láìsí adé ni wọ́n gbé adé lé lórí. Ìtàn tí ó wà nílẹ̀ ní adùn tirẹ̀, olùṣètò ìjà kò sì lò ó.

Ìjà tí gbogbo ìlú mọ òpin rẹ̀

Ní oṣù Kejì ọdún 1989, ilé-iṣẹ́ tí ó di WWE lónìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey pé ìdárayá ìgbádùn ni iṣẹ́ àwọn, wọn kì í díje ní tòótọ́. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí owó: wọ́n fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìlànà àti owó orí tí ìjọba ń gbà lórí eré ìdíje. Ṣùgbọ́n onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, Roland Barthes, ti sọ nínú ìwé rẹ̀ Mythologies ní ọdún 1957 pé òǹwòran ìjàkadì kò bìkítà bóyá wọ́n ti ṣètò ìjà náà. Ohun tí òǹwòran ń wá ni kí ìyà, ìṣẹ́gun àti ìdájọ́ hàn gbangba lójú rẹ̀. Lójú Barthes, ara ìjàkadì jẹ́ àmì tí òǹwòran ń kà.

Barthes sọ òótọ́ dé ààyè kan. Ibi tí ó dúró sí ni Ẹdẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé tí Ulli Beier kọ ní ọdún 1959 lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀ ìlú náà láàrin ọdún kan, ó ṣàpèjúwe ọdún Ọbàtálá. Ajagẹmọ, olórí àwòrò Ọbàtálá, yóò bá Olúnwi jà. Àwọn méjèèjì yóò fi ìṣe ara jà á lójú ìlú. Olúnwi yóò ṣẹ́gun, yóò mú Ajagẹmọ ní ìgbèkùn, wọ́n yóò sì gbé e jáde kúrò ní ààfin. Tìmì, ọba ìlú, yóò dá sí ọ̀rọ̀ náà, yóò san owó ìràpadà fún Olúnwi, Ajagẹmọ yóò sì padà sí ààfin pẹ̀lú ayọ̀ àti ìyìn. Àwọn kan so ìjà yìí mọ́ ìtàn ẹ̀wọ̀n tí Ọbàtálá ṣe ní Ọ̀yọ́, níbi tí ó ti fi sùúrù gba ìyà tí kò tọ́ sí i.

Kò sí ọmọ Ẹdẹ kan tí kò mọ ẹni tí yóò ṣubú. Ajagẹmọ ṣubú ní èṣí, yóò ṣubú ní àmọ́dún. Bí mímọ òpin bá ń sọ ìjà di irọ́, ìjà yìí ni ìbá jẹ́ irọ́ jù lọ. Síbẹ̀ ìlú ń jáde wá wò ó, nítorí pé ohun tí wọ́n wá wò kò sí nínú ẹni tí yóò ṣẹ́gun. Wọ́n wá wo bí ẹni ọ̀wọ̀ ṣe ń gba ìṣubú láìbínú, wọ́n sì wá rí i pé ìlú kò fi í sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí ó mú un. Ẹni tí ó ṣubú ni ìyìn ń kẹ́yìn sí. Ìṣẹ́gun Olúnwi kò ní ìtumọ̀ tí ó dá dúró. Ó wà kí ìràpadà lè wà.

Bí wọ́n bá gbé òṣùwọ̀n yìí lọ sí Tampa, ìbéèrè á yí padà. Kò ní jẹ́ ‘ṣé òótọ́ ni?’ mọ́. Á di ‘ta ni wọ́n mú, ta ni ó sì rà á padà?’ Ẹni tí ó ṣubú, Big E, gbé ìṣubú náà lọ sí ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí àṣà iṣẹ́ náà: ìjà kan ń bí òmíràn kí ọjà má baà tú. Ní ti Azeez, òun ni ó ṣẹ́gun lóòótọ́, bẹ́líìtì sì kàn lọ sí ìbàdí ẹlòmíràn. Nínú ìṣètò náà, kò sí àyè tí wọ́n yóò ti sọ̀kalẹ̀ wá bá a, kí wọ́n bi í léèrè ẹni tí ó jẹ́.

Ìlù tí kò fọhùn

Ìlù ni wọ́n fi sọ ìjà Tampa lórúkọ, nítorí náà ìlù ni ó yẹ kí a fi dá a lẹ́jọ́. Ẹdẹ tún ní ohun tí ó lè sọ níbí. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti 1946 di 1975, jẹ́ ọba tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìlù, ó sì kọ àpilẹ̀kọ lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní ọdún 1959. Ohun tí àlàyé rẹ̀ mú kí ó yéni ni pé Yorùbá kò ní ohun kan tí ń jẹ́ ‘ìlù’ lásán. Ọ̀wọ́ ìlù ni wọ́n ní, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹni tí ó ni ín. Bàtá ni ti Ṣàngó, ìgbìn ni ti Ọbàtálá. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń gbè é lẹ́sẹ̀, gúdúgúdú sì ń dá tirẹ̀ dùn nínú gbogbo wọn.

Ìlù tí ó ń fọhùn mọ ẹni tí ó ń bá wí. Níbi ìjàkadì ìbílẹ̀, onílù kì í wá bo ariwo. Ó ń ki oníjà, ó ń rán an létí baba rẹ̀, ó ń fi òwe gún un ní kẹ́sẹ́ bí ó bá fẹ́ sá. Nínú oríkì àwọn ọmọ Ọlọ́fà, ìjàkadì jẹ́ orò ìdílé, kò mọ sí eré ìdárayá nìkan. Oníjà tí ìlù ń kì kò dá wà lójú ìjà. Ìran rẹ̀ dúró tì í.

Ní Tampa, ìlù wà, ohùn kò sí. Wọ́n jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ títí wọ́n fi di ohun tí ènìyàn lè ṣubú lù. Wọn kò pe Azeez lórúkọ, wọn kò ki Crews ní ìkíni Tiv. Wọ́n ń tọ́ka sí Nàìjíríà lápapọ̀, bí ẹni tí ó nawọ́ sí ọ̀nà jíjìn láìdárúkọ ìlú kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àtàǹpàkò tí Azeez fi ń gún ọ̀tá lọ́fun, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ mọ́ Nàìjíríà: orílẹ̀-èdè odindi di èékánná. Àbùkù ìjà náà wà níhìn-ín. Wọ́n yá ohun tí ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ láìyá ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Olùṣètò ìjà

Ní gbogbo ìjà tí wọ́n ṣètò, ẹnì kan wà tí kò sí lójú ìjà tí ó sì ń pinnu ẹni tí yóò ṣubú. Ẹdẹ mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́ ni Tìmì tí ó ń san ìràpadà nínú ọdún Ọbàtálá. Ìkejì wà nínú ìtàn bí Ẹdẹ ṣe wáyé, gẹ́gẹ́ bí Dúró Ládiípọ̀ ṣe gbé e kalẹ̀ nínú eré Ọba Kò So, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní ọdún 1963. Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, tafàtafà tí ọfà rẹ̀ ń tan iná, ni Ṣàngó rán lọ sí Ẹdẹ láti ṣọ́ ẹ̀bá ilẹ̀. Ṣàngó rán Gbọ̀ńkáà lọ mú un wá, ó sì ní kí àwọn méjèèjì jà lójú òun. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí akọni kan bá òun pa akọni kejì. Gbọ̀ńkáà ṣẹ́gun, ó pa Tìmì, ó sì yíjú sí ẹni tí ó ṣètò ìjà. Ìwé ìtàn Samuel Johnson fi ìdásílẹ̀ Ẹdẹ sí ìgbà Aláàfin Kọ́rí, kò fi í sí ti Ṣàngó. Eré ni ó mú kí ìbínú ọba kan ṣoṣo ru gbogbo ẹrù ìtàn náà.

Olùṣètò méjì yìí ni wọ́n fi ń mọ ìyàtọ̀. Ṣàngó inú eré ń ná àwọn oníjà rẹ̀ bí owó. Tìmì inú ọdún ń fi owó ra oníjà padà. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹnì kan yóò ṣubú. Gbèsè tí wọ́n gbà pé àwọn jẹ ẹni náà ni ó yàtọ̀. Azeez jọ Tìmì Àgbàlé ní ti pé ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n rán òun náà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé orúkọ tí Tìmì Àgbàlé jẹ́ ti ọfà ọwọ́ ara rẹ̀ wá, ó sì jẹ́ ẹ títí di òní.

Ọ̀nà kẹta wà, òun náà sì wà nínú ìtàn ìjàkadì ilẹ̀ wa. Michael Okpala, ọmọ Neni ní ìpínlẹ̀ Anambra, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí Power Mike títí ó fi kú ní ọdún 2004, jà títí ó fi gba òkìkí, ó sì kúrò lójú ìjà, ó di ẹni tí ń ṣètò ìjà fún àwọn ẹlòmíràn. Power tí ó fi kún Mike jẹ́ orúkọ àfiṣòwò bíi ti Azeez, ṣùgbọ́n orúkọ àbísọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: òun ni ó kọ eré, òun ni ó darí ẹgbẹ́, òun náà ni ó ṣe Ṣàngó. Ẹni tí ó bá ti ṣubú rí mọ ohun tí ìṣubú ń ná ènìyàn. Aiyegbusi kò dé ibẹ̀ ní WWE. Ó lo ọdún méje nínú iṣẹ́ náà, ìtàn ara rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àtakò kan

Ẹnì kan lè sọ pé ìfiwéra yìí kò bá ẹ̀tọ́ mu. Orò ni ìjà Ajagẹmọ, òwò ni ti Tampa. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìràpadà lọ́wọ́ oníṣòwò. Àtakò náà lágbára, ṣùgbọ́n ìtàn alárìnjò kò jẹ́ kí ó fìdí múlẹ̀. Àwọn alárìnjò jáde láti inú orò eégún, wọ́n sì sọ eré di iṣẹ́ àṣejẹ. Wọ́n ń rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń gba owó, wọ́n ń fi ère bojú ṣe àjèjì, wọ́n ń fi àwọn àjèjì náà ṣe ẹ̀fẹ̀ pàápàá. Síbẹ̀ iwì àti oríkì ni wọ́n fi ń ṣí eré, òṣèré kò sì jáde láìjẹ́ pé wọ́n ki ìran rẹ̀. Òwò kò dí wọn lọ́wọ́ láti fi ènìyàn hàn nínú aṣọ.

Àtakò kejì ni pé Aiyegbusi gbowó, ó sì gba iṣẹ́ náà tinútinú. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì yẹ kí lámèyítọ́ sọ ọ́ di ẹrú tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Owó iṣẹ́ ti wọ àpò rẹ̀. Gbèsè tí iṣẹ́ yìí ń sọ ni èyí tí owó iṣẹ́ kò kà kún: kí ìtàn tí ara ènìyàn gbé ní àyè fún ẹni náà nínú.

Ìgúnlẹ̀

Bí àwọn onímọ̀ Yorùbá bá fẹ́ ka ìjàkadì àṣejẹ, kò pọn dandan kí wọ́n lọ yá òṣùwọ̀n láti òkèèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Barthes wúlò. Ìjà Ajagẹmọ ti fi ohun tí ó yẹ ní bíbéèrè hàn: orúkọ wo ni oníjà jẹ́, kí ni ìlù ń sọ sí i, ta ni yóò sì rà á padà lẹ́yìn ìṣubú? Ìjà Tampa dùn ún wò, ó gbé orúkọ Nàìjíríà lọ sí iwájú ogunlọ́gọ̀, ó sì kùnà nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sórí ẹnì kan. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Oleśnica, sí London àti sí Houston pẹ̀lú orúkọ bíi Babatunde ń pọ̀ sí i lójú ìjà, lójú pápá àti nínú fíìmù, àwọn olùṣètò yóò sì máa wá ohun tí wọn yóò pè wọ́n. Babatunde jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí Aiyegbusi jẹ́ lójú ìjà. Òun nìkan ni ó ní baba nínú.